Òwú Funfun Tí Iná Kò Lè Jó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ yàn, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí. Wọ́n ní mo ti fẹ̀yìntì, mo sì gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ara nìkan ló fẹ̀yìntì, etí mi kò bá a lọ. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú ilé mi ní Ìlá yìí, tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lè sọ fún ìyàwó mi pé, "Bíréèkì ẹni yẹn ti jẹ dé irin." Á ní kí n fi ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ o jàre, pé ẹni tí kò pè mí kò fẹ́ mi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé wọn kò pè mí.

Àwọn kan máa ń wo mẹkáníìkì bí ẹni tí ìwé lé jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Iṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi tọ́mọ, òun náà ni mo fi sin òbí mi bó ṣe yẹ kí ọmọ sin òbí. Ní ti owó, ìgbà kan wà tí a jẹ iyán, ìgbà kan wà tí a mu gàrí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, àti ọjọ́ kan tí òwú inú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyàwó ilé kan jáde ní Ọ̀rà.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sùnmọ́nù. Ọgbà rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Ìlá lọ sí Ọ̀rà, lábẹ́ igi ọdán ńlá kan. Bàbá mi kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ. Bó bá ṣe agídí, ẹ nà án, ẹ má pa á." Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá bi bàbá mi pé ṣé ìyá mi kọ́ mi bí a ṣe ń gbálẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín rárá, ó na ìgbálẹ̀ sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ kíkankíkan kó lè mọ̀ pé mo lágbára. Eruku gba gbogbo ọgbà. Kí n tó gbá dé ìdí igi, Ọ̀gá ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi ìdí rẹ̀ kàn mí ní kókósẹ̀.

"Omi dà?"

"Omi kẹ̀, sà?"

"Ìyá rẹ kò kọ́ ẹ. Màá kọ́ ẹ."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń sọ. Ilé wo ni ìyá kì í ti í sọ fọ́mọ pé kó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, kí eruku má baà bo àlejò àti oúnjẹ? Òfin inú ilé lásán ni. Ọ̀gá Sùnmọ́nù, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀, ló gbé òfin yìí kúrò nínú ilé, tó gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí a bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí a ṣí irin roboto tó bo bíréèkì, eruku dúdú tó ti kó jọ síbẹ̀ máa ń kún inú rẹ̀. Ní ọgbà àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á gbá irin náà mọ́lẹ̀ pàù kó lè gbọ̀n dànù, iṣẹ́ á sì yá. Lọ́dọ̀ tiwa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da omi sí i, ká fi àkísà tútù nù ún, ká tún fọ àkísà náà sínú kòtò. Bí o bá fẹ́ eruku lọ́dọ̀ Ọ̀gá, o ti jẹ ìgbátí nìyẹn. Ó máa ń sọ pé, "Imú kì í ṣe ààtàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ààtàn, kó lọ síbòmíràn."

Ìyà rẹ̀ tún ju ìgbátí lọ. Kí a tó ṣíwọ́ lálaalẹ́, a máa ń tò síwájú rẹ̀, oníkálukú á fun imú sínú aṣọ funfun. Ẹni tí ikun imú rẹ̀ bá dúdú, òun ni yóò pọn omi ọgbà lọ́jọ́ kejì, odò kò sì sún mọ́ wa. Ẹ kò lè mọ bó ṣe ń rí lára ọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù sí lágbọ̀n láti máa fun imú fún ọ̀gá rẹ̀ wò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ọmọṣẹ́ ọgbà kejì sọ wá ní Ọmọ Olómi. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á bẹ́rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbàlagbà, wọ́n á ní, "Ẹ kú omi o!" Inú máa ń bí mi débi pé mo lè sọ sípánà lù wọ́n. Ọ̀gá á kàn dáhùn pé, "Omi á tù yín lára o," á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé ohun tí a bá yọ kúrò nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù, ti ẹlẹ́rù ni. Ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, a ó kó o sínú àpò, a ó dì í lẹ́nu, a ó gbé e fún olówó ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a jí ire kó a fi ibi pààrọ̀ rẹ̀. Òfin yìí gbayì púpọ̀. Òun ló jẹ́ kí àwọn onímọ́tò láti Òmù-Àrán àti Òṣogbo máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láìwẹ̀yìn. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun náà ló kó wa sí wàhálà tí mò ń bọ̀ wá sọ.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù ni wíwé sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Àwọn bọ́lẹ́kájà ayé ìgbà náà, àyè ẹ́ńjìnnì àti àyè dírẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Irin tó gbóná náà á máa yan dírẹ́bà lẹ́sẹ̀ láti Ìlá títí dé Ìbàdàn, ẹlòmíràn nínú wọn á fi àpò tútù wé ojúgun bí ẹni egbò ń dà láàmú. Ọ̀gá ní okùn àti aṣọ funfun kan tó máa ń rà ní Ìbàdàn. Ó rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n bí o bá ṣáná sí i, iná á kú, òwú á wà. Òwú àìjóná ni à ń pè é. A ó rẹ ẹ́ sómi kó lè lẹ̀ dáadáa, a ó wá máa wé e mọ́ irin náà yí ká, ọ̀kan á gun orí ọ̀kan, kò ní rí wúruwùru. Ọwọ́ mi mọ́ níbẹ̀ ju ti Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Dírẹ́bà kan dé láti Ìbàdàn, ó ní mẹkáníìkì ibẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì òun, ó ní, "Ta ló wé èyí?" Òun sì dáhùn pé ọmọ Ìlá kan ni. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Orúkọ òwú náà gan-an ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́ mọ̀ ọ́n nínú páálí àjà. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ bíréèkì ayé ìgbà náà pẹ̀lú. Àwa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ẹni tó kó o wá tà kò sì sọ fún wa.

Kí n tó dé Ọ̀rà, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn nìyẹn. Òòlù àti ìṣó ríbẹ́ẹ̀tì la fi ń kan bíréèkì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dé, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí gbogbo ọgbà fi ń fẹ́ eruku bíi pé òjò ń bọ̀. Ọ̀gá ra tirẹ̀, ó ní ti táyà ni, ẹni tó bá nà án sí bíréèkì, òun á na onítọ̀hún. Lónìí, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni ẹ ń kì bọ inú ọkọ̀, òun á sì ka àìsàn ọkọ̀ fún yín. Ó dára. N kì í ṣe àgbà tó ń bínú sí ohun titun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní sọ fún yín pé kí ẹ tọ́jú imú yín.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fà mí lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà gbé e sójú iná, ó wò ó títí, ó bi mí ní ìgbà méjì pé ṣé mẹkáníìkì ni mí lóòótọ́. Ó ní àyà mi mọ́. Mo ní kó fún mi ní fọ́tò náà, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó mi. Ìyàwó mi ní ó ń dẹ́rù ba àlejò. Mo ní èyí tí mo rẹwà nínú rẹ̀ jù ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń fẹ́ eruku, èémí wọn ti kúrú kí ọjọ́ ogbó tó dé. N kò lè búra pé eruku ló fà á, sìgá wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀rà.

Mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù nígbà náà, mo sì ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ bí igbá kejì rẹ̀. Oníṣòwò kòkó kan wà ní Ọ̀rà tí à ń pè ní Bàbá Délé. Ó ra ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó olùkọ́ tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ, ó sì ní híítà, àpótí irin kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fẹ́ ooru sí ẹsẹ̀ èrò. Ẹ ó ní kí la fẹ́ fi híítà ṣe nílẹ̀ tí oòrùn ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Délé ní ìyá tó ti dàgbà, Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, ọyẹ́ sì máa ń ge mama náà légungun. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé mama wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlá, á máa gbọ̀n dé ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kí a bá òun tún híítà náà ṣe, pé afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́, ó sì ń tu nǹkan funfun jáde bí ìyẹ́ adìyẹ.

A tú àpótí náà. Òwú àìjóná ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ yí ká, ó ti gbó, fáànù ti ń jẹ ẹ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀gá ní ká da omi sí i kí a tó fọwọ́ kàn án. A yọ ọ́ tán, a fi páànù méjì ṣe ẹ̀gbẹ́ àpótí náà dípò rẹ̀, híítà ń ṣiṣẹ́. A sì ṣe ohun tí òfin ọgbà wí: a kó òwú tútù náà sínú àpò, a dì í lẹ́nu, a gbé e fún Rábíù, dírẹ́bà Bàbá Délé, pé ẹrù ọ̀gá rẹ̀ nìyí.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó ilé náà, ló tú àpò. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó wọlé ọkọ nígbà náà, Délé sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí òun náà ti di ìyá àgbà. Ó ní nígbà tí òwú náà gbẹ nínú oòrùn, ó funfun, ó sì fẹ́lẹ́, ó wá rí bí òwú àràbà tí a fi ń ṣe irọ̀rí gẹ́lẹ́. Irọ̀rí ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ó wá sí òun lọ́kàn láti ṣe nǹkan tí mama yóò fi súre fún òun. Ó fi ọ̀pá lu òwú náà títí tó fi wú, ó rán àpò àdìrẹ fún un, ó kó o sínú rẹ̀. Mama gbé orí lé e, ó ní kò sí èyí tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Délé kékeré sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ lórí irọ̀rí kan náà.

Ẹni tó tú àṣírí òwú náà fún wa ni Bùrọ̀dá Gbádébọ̀, ọmọ Ìlá tó ti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú ikọ́. Ìlú ti ní oríṣiríṣi àlàyé fún ikọ́ náà. Àwọn kan ní ikọ́ ife ni, wọn kì í sì í fi ife kan náà mumi pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ayé ló bá a jà nítorí pé ó lọ òkè òkun. Ó mú alùpùpù rẹ̀ wá pé kí a bá òun wo púlọ́ọ̀gì. Rábíù náà wà níbẹ̀ nítorí fèrè ọkọ̀. Bùrọ̀dá rí okùn funfun tí mo rẹ sínú garawa, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan igi.

"Kí lẹ ń fi ìyẹn ṣe?"

Ọ̀gá ní, "Òwú àìjóná ni. A fi ń wé sàlẹ́ńsà."

"Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni, Bàbá. Òun ló wà láyà mi yìí."

Ó jókòó kó tó lè sọ ìyókù, torí èémí rẹ̀ kò gùn. Ó ní inú ọkọ̀ ojú omi lòun ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn páìpù gbígbóná lòun ń fi òwú yẹn wé, gbígbẹ ni wọ́n sì ń lò ó. Ó ń fò kiri bí ìyẹ̀fun, àwọn á máa jù ú lu ara àwọn ṣeré. Dókítà wá yẹ òun wò, ó ní ẹ̀dọ̀fóró òun ti le. Ọ̀gá bi í pé láti ọjọ́ wo ló ti ṣe é.

"Kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ tó wọlé, Bàbá. Ẹ ó ti gbàgbé rẹ̀. Iyán ogún ọdún ni, ó sì ń jóni lọ́wọ́."

"Bó bá tutù ńkọ́?"

"Bó bá tutù, kì í fò. Gbígbẹ rẹ̀ ni ikú wà."

Gbogbo wa yíjú sí Ọ̀gá. Mo rò pé yóò yangàn, kí ló dé tí kò ní yangàn? Ojú rẹ̀ kàn pọ́n ni. Ó ní, "Àpò Bàbá Délé ńkọ́?" Rábíù ló dáhùn: "Wọ́n ti fi ṣe irọ̀rí fún Ìyá Àgbà. Ìyàwó ló ṣe é." Kí Ọ̀gá tó sọ pé kó dúró, ó ti ṣáná sí mọ́tò, ó ti lọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Rábíù gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ sí Ọ̀rà lóòótọ́, ó sì di odindi kí a tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n odindi tí a kò rán an ni. Bí èmi àti Ọ̀gá ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù la gbọ́ ariwo. Ṣàdé, àbúrò Bàbá Délé obìnrin, ti gbá Àbẹ̀kẹ́ ní ìró mú láàárín agbo ilé.

"Òwú tó ń pa ènìyàn lo fi sábẹ́ orí ìyá mi! Àràbà tán nígbó ni? Kí ni mama ṣe fún ẹ?"

Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́ di ìró rẹ̀ mú. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni, "Mo fi Délé búra, n kò mọ̀. Mo fi Délé búra." Àwọn aládùúgbò ti pé, àwọn kan ti ń ka àwọn ìyàwó tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ dúró bí igi, kò gbè é, kò gbe ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí oòrùn bá fi wọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹrù obìnrin yìí á wà níta, ọmọ rẹ̀ á sì wà nínú ilé. Orí yéye ní mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí nítorí pé èmi ni mo di àpò náà lẹ́nu.

Ọ̀gá Sùnmọ́nù kì í dọ̀bálẹ̀ fún oníbàárà. Bí olówó bá dé ọgbà, á kí i lóòró, á ní ara òun kún fún epo. Lọ́jọ́ náà ó rìn wọ àárín agbo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ṣàdé tó lè bí lọ́mọ, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. 

"Ẹni tó kó òwú wọlé yìí lẹ ń wá," ó ní. "Èmi ni. Inú híítà ọkọ̀ yín ló ti jáde, ẹ lọ ṣí i wò. Mo fi ránṣẹ́ bí ẹrù yín, n kò sì fi ọ̀rọ̀ tì í, nítorí n kò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Òní ni mo mọ̀."

Ṣàdé kò tú ìró sílẹ̀. "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ má sọ mí di aláìníláárí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ire ló rò, kí ló dé tí kò fi í sábẹ́ orí ara rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Mo rí i lójú àwọn ènìyàn. Ọ̀gá dìde jókòó, ó kọjú sí Àbẹ̀kẹ́, ó rọ ohùn bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ta ló lu òwú náà tó fi wú?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo?"

"Nínú yàrá mi. Mo ti fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ."

"Ó fò?"

"Ó fò, sà. Ó bo orí mi, ó bo ìró mi. Mo ń sín títí di alẹ́."

Ọ̀gá wá gbójú sókè wo gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́? Gbígbẹ rẹ̀ ló ń ṣe ibi, eruku rẹ̀ sì ni ibi náà. Èyí tó dé imú Ìyá kò tó ìdámẹ́wàá èyí tí ìyàwó yìí fà símú. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ta ló ń fẹ́ fi májèlé pa ènìyàn, tó kọ́kọ́ bu tirẹ̀ jẹ?"

 Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ara rẹ̀ ni, ó fọwọ́ bo àyà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mira. Ó wá, ó já ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kúrò lára ìró náà. Mo ti wo Ọ̀gá tún ẹ́ńjìnnì tí gbogbo Òṣogbo ti dá padà ṣe, n kò fi í yangàn tó bí mo ṣe fi í yangàn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó jókòó sí yẹn, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lágbọ̀n.

Ó wá ku ti Ìyá Àgbà. Mama wà lórí ẹní nínú yàrá, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbá irọ̀rí mọ́ra. Ìgbómìnà paraku ló fi bá wa sọ̀rọ̀, mo kàn ń túmọ̀ rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ ti bá ọkọ̀ jà tán, orí mi ló kù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Bó bá pẹ́ tó ogún ọdún, á ṣì pani."

"Láti ìgbà tí bàbá Bàbá Délé ti kú, n kò sùn dáadáa. Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, bó bá di ogún ọdún kó tó pa mí, ṣé n kò ti lọ ná?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá ní, "Délé ńkọ́, Ìyá? Ogún ọdún, ọkùnrin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí ni." Mama kò tún sọ àwàdà mọ́. Ó gbé irọ̀rí náà fún wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

A tẹ̀ ẹ́ bọ garawa omi bó ṣe wà, a kò tú u. A fi àkísà tútù nu yàrá Àbẹ̀kẹ́ láti àjà dé ilẹ̀, a fọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó lu òwú, a fọ ti mama àti ti ọmọ. A gbẹ́ kòtò jíjìn lẹ́yìn oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbin nǹkan sí, a sin gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá kò ti jẹ́ kí a wé òwú mọ́ sàlẹ́ńsà mọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé lọ pẹ̀lú rẹ̀, mo sì kọ́ bí a ṣe ń fi páànù bo irin náà, èyí tó le jù, tí àwọn dírẹ́bà sì kọ́kọ́ fi ń bú wa.

Nígbà tí a padà wá dágbére, oòrùn ti ń lọ sílé. Agbo ilé kò tíì tú. Ṣàdé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. Mama ti jáde, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun ní gbangba, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ó pe Àbẹ̀kẹ́. Ó ní, "Wá jókòó. Na ẹsẹ̀ rẹ." Àbẹ̀kẹ́ jókòó, ó na ẹsẹ̀. Mama rọra dùbúlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ojú dé.

"Ṣàdé," ó ní, kò ṣíjú, "bó o bá rí irọ̀rí tó dára ju èyí lọ lọ́jà, kó o rà á wá fún mi."

Omijé ń já bọ́ lójú Àbẹ̀kẹ́. Kò nù ún, kí orí mama má baà mira.